Èsìẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 12 àti obìnrin ọmọ ọdún 8. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Òkèlélé ni agboolé wa wà. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, a máa lọ kí Màmá mi ní oṣù Kejìlá. Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́mù kan, wọ́n rí iṣẹ́ idẹ Ìbínní níbẹ̀, ni ọkùnrin bá délé tó ní, "Dádì, èwo ni tiwa nínú ẹ̀?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Àwọn kan ní kí n mú wọn lọ sí mùsíọ́mù Èsìẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún Màmá lórí fóònù, wọ́n ní òrìṣà ló wà níbẹ̀, pé kí n má kó ọmọ Mùsùlùmí lọ sídìí ẹbọ. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé kíá ni ọ̀rọ̀ òkúta á sú wọn, torí orí fóònù ni ọkùnrin yìí máa ń wà ṣáá. Ẹ̀yin tí ẹ ti mú ọmọ débẹ̀, kí lẹ rí? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ wakọ̀ kúrò n'Ílọrin?

ÌDÁHÙN

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ń gbé. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, láti ìtòsí Ọ̀mù-Àrán, Mùsùlùmí sì ni mí bíi tiyín. Ẹ mú wọn lọ. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni àyè máa gbà yín láti dé lẹ́yìn ilé Màmá, Èsìẹ́ ni kí ẹ dé.

Ìbéèrè ọmọ yín ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ sọ fún un pé ìpínlẹ̀ tiwa, ní Kwara, ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà wà. Èsìẹ́ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ọdún 1945 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ti Jos dé ní 1952, ti Èkó ní 1957. Mùsíọ́mù Èsìẹ́ ti pé ọdún 15 kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Àwọn ère tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, òkúta ọṣẹ, òkúta rírọ̀ tí òyìnbó ń pè ní soapstone, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn: ọkùnrin, obìnrin, èyí tó jókòó, èyí tó kúnlẹ̀. Àwọn kéékèèké wà tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, àwọn mìíràn sì ga ju mítà kan lọ. Ní gbogbo Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti rí ère òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Ìwé òyìnbó máa ń sọ pé ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ fún CMS, ìjọ àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàwárí wọn ní 1933. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún ọmọ yìí pé ìròyìn wọn ni Ramshaw kọ jáde kí ayé gbọ́. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bá àwọn ère náà gbé láti ìran dé ìran. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan ló bá wọn pàdé nínú igbó. Wọ́n ní àwòrò tó ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn lọ́dọọdún, oṣù Kẹrin ló máa ń bọ́ sí.

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an nìyẹn. Nílùú tí mo ń gbé yìí, tí mo bá mú ọmọ lọ wo nǹkan ilẹ̀ wa, inú gíláàsì ló máa ń wà, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á sì máa sọ ti sójà tó lọ kó o wá. Iṣẹ́ idẹ tí ọmọ yín rí, ó ṣeé ṣe kó wà lára èyí tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kó ní Ìbínní ní 1897. Mùsíọ́mù Horniman ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọdún 2022 ni wọ́n tó fi ẹ̀tọ́ lórí 72 nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ọmọ tó bá jẹ́ pé irú èyí nìkan ló mọ̀, á rò pé nǹkan tiwa ò lè níyì àfi tí ẹlòmíràn bá gbé e lọ. Ní Èsìẹ́, ó máa rí ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ère náà nílùú tiwọn, ó máa rí ọmọ ìlú tó ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará ilé. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó wà lókè òkun fojú ara wọn rí i.

Nípa pé kó má sú wọn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn yí gbogbo ère náà ká bí ẹni ń sáré kọjá lọ́jà. Ẹ ra ìwé ìyàwòrán àti pẹ́ńsùlù fún wọn n'Ílọrin. Kí oníkálukú yan ère kan ṣoṣo, kó dúró tì í, kó yà á. Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú àwọn tèmi nìyẹn. Ọmọbìnrin mi yan obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí, tó gbé àdá lé èjìká. Nígbà tó ń yà á ló tó rí i pé irun obìnrin náà ní ìpele, pé wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fín in lẹ́sẹẹsẹ. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó rí ilà tó wà lójú rẹ̀. Ló bá yíjú sí mi: "Mọ́mì, ṣé ọmọ ogun ni àbí ìyàwó ọba?" Ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi Yorùbá dáhùn, kí ẹ wá máa túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ ní kó tún fi Ọba Ère hàn wọ́n, èyí tí wọ́n kà sí olórí gbogbo wọn.

Ìtàn tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àwọn àlejò ni ère wọ̀nyí nígbà kan, pé wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá kí Elésìẹ́, ọba ìlú náà, wọ́n sì di òkúta. Àwọn onímọ̀ ìtàn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn kan ń nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Nupe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì, kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi padà dé Ìlọrin. Ọkùnrin yẹn máa gbàgbé fóònù.

Wọ́n máa rí i pé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti já, tàbí kó jẹ́ orí nìkan ló kù. Kí ẹ tó wọlé ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun. Òkúta ọṣẹ rọ̀ débi pé èékánná lásán lè há a lára. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ Màmá wá kù. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí fóònù, ohun tí wọ́n sọ ní ìdí. Àwọn kan nílùú yẹn ṣì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ère náà bí àwọn bàbá wọn ṣe ṣe, kò sì yẹ ká máa purọ́ fún àgbàlagbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni mùsíọ́mù náà, ìwé ìwọlé ni ẹ máa san owó rẹ̀, ẹ ó wò, ẹ ó jáde. Ẹnikẹ́ni ò ní ní kí ẹ wólẹ̀. Ẹ rọra rán Màmá létí pé nínú Súrátù Rúúmù, Ọlọ́run ní ká rìn lórí ilẹ̀, ká wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú wa ṣe rí. Tí wọ́n bá ní àfáà tí wọ́n fọkàn tán, ẹ ní kí wọ́n bi í. Ohun tó máa dára jù lójú tèmi ni kí Màmá fúnra wọn bá yín lọ. Tí wọ́n bá wọ inú ọgbà tí wọ́n rí i, ọ̀rọ̀ wọn lè yí padà, bí kò bá sì yí padà, àwọn ọmọ ti ní ìyá àgbà tó ń ṣàlàyé nǹkan fún wọn lọ́nà. Àjàṣẹ́-Ìpo ni ẹ máa gbà kọjá láti Ìlọrin. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ mú owó lọ́wọ́ àti omi tó pọ̀, ọyẹ́ oṣù Kejìlá máa ń gbẹ èèyàn lẹ́nu.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo àwa tó ń wálé láti òkè òkun. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá bá yín pé òun ní orí ère òkúta tàbí amọ̀ àtijọ́ tí òun fẹ́ tà, ẹ má dúró gbọ́. Ní ọdún 2000, ICOM, àjọ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, fi ère Èsìẹ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú ti Nok àti ti Ifẹ̀, láàárín àwọn nǹkan Áfíríkà tí olè ń lépa jù lọ. Òfin Nàìjíríà náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù. Àwa tí à ń bínú nítorí 1897, kò yẹ ká bá wọn ra ẹyọ kan.

Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbé padà sí Houston ni, ẹnu ọ̀nà yín ló wà. Òkèlélé ni ẹ ní agboolé yín wà! Ẹ mú àwọn ọmọ lọ bá àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkèlélé yín níbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun ìkòkò. Kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán yí ẹnu ìkòkò po láìsí ẹ̀rọ kankan, bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n jọ síta gbangba tí wọ́n ń dáná sí i, àti bí wọ́n ṣe ń da omi èèpo irúgbá lé e nígbà tó ṣì gbóná, tó ń hó, tí ara rẹ̀ ń dúdú. Ọmọbìnrin yín lè bẹ̀bẹ̀ fún amọ̀ díẹ̀ kó fi mọ nǹkan tirẹ̀. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ náà kẹ́ ẹ wo òfì. Òkúta tí wọ́n ń lọ irin sí láyé àtijọ́ wà ní Ìdí-Àpẹ́, kò jìnnà.

Ẹ tún bi Màmá bóyá ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wà nínú àpótí wọn tàbí ti ìyá wọn, àwọn pupa tí wọ́n fi òkúta ṣe. Ìlọrin ni ojúlé rẹ̀ nígbà kan, àwọn tó ti Ọ̀yọ́-Ilé sá wá ló mú iṣẹ́ náà dé. Iṣẹ́ ọ̀hún ti parẹ́ báyìí, nítorí náà tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ìtàn rẹ̀ kí ọkùnrin yẹn fi fóònù rẹ̀ gba ohùn wọn sílẹ̀. Àtòun àti ère tó bá yà ní Èsìẹ́, ó ti ní ohun tó lè kó lọ fi han tíṣà rẹ̀ ní oṣù Kìíní.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí ẹ bá rí àyè wálé ní oṣù Kẹrin lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ̀wé sí mi ṣáájú, kí n bá yín béèrè ọjọ́ tí ọdún Èsìẹ́ bọ́ sí.