Ṣé oríkì àárọ̀ kì í sọ ọmọ di onígbèéraga?

Ẹni tó bi wá ní ìyàwó òun máa ń ki ọmọ wọn ọkùnrin láràárọ̀ tó bá ti dọ̀bálẹ̀, "Àjàní, ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí," títí lọ, ẹ̀rù wá ń bà á pé orí ọmọ á wú jù.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń kì í gan-an nìyẹn o, kórí ẹ̀ lè wú!

Ẹ wo Àjàní yẹn ná, ẹni tí wọ́n jà kí wọ́n tó ní. Ọmọ tí ò tíì lè so okùn bàtà ẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn kan du òun. Àṣàkẹ́ náà mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ṣa òun kẹ́. Wọn ò ní kó ṣe nǹkan kan kó tó rí ìyẹn gbà.

Ti orílẹ̀, ìyẹn oríkì ìdílé, ló wá le. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí, 70 ni wọ́n láyé Ọ̀yọ́ Ilé, jagunjagun pọ́ńbélé. Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbà á, torí ẹni tí ọfà bá bà lẹ́yìn, sísá ló ń sá. Ọmọ tó ń gbọ́ èyí lójoojúmọ́, tó bá dé ibi tí ìṣirò ti le ní kíláàsì, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ́ jáde, ara ẹ̀ ò ní gbà á, kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ o, ìtìjú ni ò ní jẹ́ kó sá. Gbèsè ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn yẹn. Ìgbéraga kọ́. Oríkì míì tiẹ̀ wà tó ń fi ìdílé ṣẹ̀fẹ̀ gan-an.

Ọmọ tí wọ́n ń fi "olódo" jí láràárọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù fún, torí wọ́n ń ki ìyẹn náà ni, á sì jẹ́ ẹ.

Màmá tèmi ò kì í nà mí tí mo bá gbé èsì burúkú wálé. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níléèwé ló máa fi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màá ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, màá máa retí "Àkànní," mi ò ní gbọ́ ọ. Pàṣán sàn fún mi jùyẹn lọ.