Èsì: Ṣé àwọn tó ṣe Home Alone ló kó gbogbo owó náà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ béèrè bóyá lóòótọ́ ni Home Alone, fíìmù Kérésì ti Amẹ́ríkà, pa nǹkan bí mílíọ̀nù 476 dọ́là, àti bóyá àpò àwọn tó ṣe é ni gbogbo rẹ̀ wọ̀. Òótọ́ ni iye yẹn, káàkiri àgbáyé. Bíi mílíọ̀nù 18 ni wọ́n sì fi ṣe é! Ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. tiẹ̀ ti pa á tì nítorí owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é ń lé sí i, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Fox, tó gbà á.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bó ṣe pẹ́ tó. Oṣù kọkànlá 1990 ló jáde, ọ̀sẹ̀ 12 gbáko ló sì fi wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà. Kérésì ti lọ, ọdún ti yí, èrò ò dín.

Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn o. Ilé sinimá á yọ tirẹ̀, ó sì lè tó ìdajì. Ẹni tó pín fíìmù kiri á yọ tirẹ̀. Ìpolówó náà ń jẹ owó. Bákan náà ló rí nílé: A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní Dìsẹ́ḿbà 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá wa, kì í ṣe pé ó kó bílíọ̀nù náà lọ sílé.

Ìdí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń du Dìsẹ́ḿbà láti gbé e jáde ò jìnnà. Ẹ wo Ilọrin lásìkò náà: àwọn tó ti Èkó wálé, àwọn ará Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ ò lọ ilé-ìwé. Ìdílé kan á ra tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan.