Ta Ló Fẹ́ Jẹ Ẹ́? Ohun Tó Ń Mú Ṣokoléètì Jọ Ojúlówó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ṣokoléètì, mo sì ń tà á sí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Oníbàárà kan ní ó ti dùn jù, òmíràn ní páálí rẹ̀ kò gbayì, ẹlòmíràn ní kò kúnná tó. Kí ni kí n tún ṣe tí gbogbo wọn yóò fi gbà pé ojúlówó ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Títọ́ ṣokoléètì wò ni mo fi ń jẹun, mi ò sì ní tàn yín: kò sí èyí tí yóò jọ ojúlówó lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tí ahọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ló fi ń díwọ̀n ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti kíkúnná. Ní ọdún 1879, Rodolphe Lindt ní Switzerland rí i pé tí wọ́n bá ń pò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á kúnná, á sì máa yọ́ lẹ́nu. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti mọ́ lára, bí eyín rẹ̀ bá kan hóró ṣúgà, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ṣùgbọ́n ní Modica, ní erékùṣù Sicily, wọn kì í jẹ́ kí ó gbóná débi tí ṣúgà yóò fi yọ́, ńṣe ló ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Hóró yẹn gan-an ni ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Bákan náà ni ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ń fi ọlọ lọ kòkó.

Ti adùn náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣokoléètì oníwàrà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń kan díẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi tọ́ dàgbà kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù sì máa ń fajú ro.

Àwọn tó fẹ́ràn ṣokoléètì dúdú á wá 70% lára bébà. Ó máa ń dùn mí, torí nọ́ńbà yẹn kò sọ bí kòkó ṣe dára tó. Ó kàn sọ iye ohun tó ti ara kòkó wá ni, ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú. Kòkó tí wọn kò bò, tí wọn kò sì sá dáadáa, lè wà nínú 70%.

Ní Japan, obìnrin ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì ní 14 oṣù Kejì, ọkùnrin á sì san án padà ní 14 oṣù Kẹta. Ẹ̀bùn ni, ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Bí bébà bá ká wọ́gọwọ̀gọ, a ti rí ẹni tó ṣe é fín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yan àwọn tí ẹ fẹ́ tà á fún. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí páálí, ẹ ṣẹ́ ṣokoléètì yín létí. Ó yẹ kó dún pàá, kó máa dán, kó má tètè rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bíi 34°C, ìgbóná tó kéré díẹ̀ sí ti ara wa. Bí ẹ bá yọ́ ọ, tí ẹ mú un tutù, tí ẹ sì mú un gbóná díẹ̀ padà bó ṣe yẹ, ẹnu ni yóò ti yọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣú funfun lójú, oníbàárà á sì rò pé ó ti hu ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún ènìyàn mẹ́fà láti ibi tí ẹ fẹ́ tà á sí jẹ láìsí bébà, kí ẹ tún fún wọn pẹ̀lú bébà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè fún àna wọn. Bí ìdáhùn bá yí padà, bébà ni ẹ óò tún ṣe. Bí kò bá yí, ẹ padà sídìí ìkòkò.