Ṣúgà àgbọn: orí igi ló ti ń bàjẹ́, kì í ṣe nínú agbada

Ẹ̀gbọ́n mi tó béèrè láti Badagry, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní adẹ́mu kan ń gbé omi orí igi àgbọn wá fún yín láràárọ̀, ẹ sè é títí ó fi pọ́n, àmọ́ nígbà tó tutù, ó ń fà bíi góòmù, kò di ṣúgà. Ẹnì kan ní iná yín ló pọ̀ jù, ẹlòmíì ní omi inú àgbọn ló yẹ kí ẹ sè. Ẹ má tiẹ̀ dá ẹni tó sọ ti omi inú àgbọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ iná náà kọ́. Omi yín ti kan kó tó dé ìdí ààrò.

Ọmọ Java ni ìyàwó mi, lágbègbè Banyumas ní Indonesia, níbi tí ṣúgà àgbọn ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Bàbá rẹ̀ ló ń gun igi, ìyá rẹ̀ ló ń sè é, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Àsìkò tí mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn, n kò lè máa jẹun lásán bí àlejò. Wọ́n fi mí sídìí ààrò, èéfín fín mi dáadáa, àpá ibi tí ṣúgà gbígbóná ti ta sí mi lápá ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Òdòdó àgbọn la ń dá, kì í ṣe èso rẹ̀. Kí òdòdó náà tó là, inú àpò gígùn kan tó ṣe ṣóńṣó lórí ló máa ń wà. Ìgbà yẹn ni bàbá máa ń fi okùn dì í yíká kó má baà là, á wá máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí orí rẹ̀ yóò fi kọjú sílẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a nìyẹn, kó lọ dúró de òmíì. Tó bá ti tẹ̀ dáadáa, á gé orí rẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nira ni wọ́n ń pe omi náà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń gùn ún: á sọ ohun èlò tó ti gba omi kalẹ̀, á fi ọ̀bẹ tó mú ré ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á gbé òfìfo kọ́. Òdòdó kan lè kán omi fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tí ẹ bá dá kò ní so àgbọn mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó yan igi.

Wọn kì í lo igbà níbẹ̀. Wọ́n fi àdá gé ẹsẹ̀ sára igi láti ìsàlẹ̀ dókè, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ gùn ún. Bí òjò bá rọ̀, ojú gígé náà á gba omi, á máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti já bọ́ lágbègbè náà, àwọn tí kò kú, ẹlòmíì ò lè dìde dúró mọ́. Adẹ́mu yín tó ń lo igbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi sílẹ̀ nítorí pé ẹ rí fídíò Java lórí fóònù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà nìyí. Adẹ́mu wa kì í fọ akèrègbè rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sí ìdí fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó kù nídìí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹmu tuntun tètè ru. Òwò tirẹ̀ ni kíkan, òwò tiyín kọ́. Láti ìgbà tí omi náà ti ń kán ni ìwúkàrà ti wọ inú rẹ̀. Kó tó di wákàtí mélòó kan nínú ooru, ṣúgà inú rẹ̀ tó yẹ kó dì, ìyẹn sucrose, á ti máa fọ́ sí glucose àti fructose, àwọn méjèèjì yìí kì í fẹ́ dì, omi ni wọ́n ń fà mọ́ra. Apá kan á ti di ọtí. Ẹ lè sè é di ọ̀la, góòmù náà lẹ máa rí. Ní Banyumas, gemblung ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á.

Pongkor ni wọ́n fi ń gba nira, ọ̀pá oparun ni. Ìyá ìyàwó mi máa ń fi omi gbígbóná ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dorí rẹ̀ kodò lókè ààrò kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Kó tó gbé e fún bàbá, á bu laru díẹ̀ sí i nídìí. Laru ni ẹfun òkúta jíjó (slaked lime) tí wọ́n pò mọ́ omi tí wọ́n fi èèpo èso mangosteen tàbí ẹ̀rún igi eléso kan, jackfruit, rẹ. Ẹfun náà kì í jẹ́ kó tètè kan, èèpo náà ń dá ìwúkàrà lọ́wọ́ kọ́. Tó bá pọ̀ jù, ṣúgà á dúdú, á sì korò. Ẹfun tó ṣeé jẹ ni o, kì í ṣe ti àwọn tó ń kun ilé.

Laru yìí gan-an ni ṣúgà organic, ìyẹn èyí tí wọn kò fi kẹ́míkà ṣe, fi yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti pa á tì, kẹ́míkà kan, sodium metabisulphite, ni wọ́n ń bù sí i, torí pé kò ní wàhálà, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń da ṣúgà ìrèké sínú agbada kó lè dì. Ẹni tó ń ra ti organic kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n ń kọ orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti iye igi rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yẹ ilé ìdáná wò, wọ́n sì ń béèrè ohun tí ẹ dà sídìí igi.

Bí nira bá délé, ìyá kì í jẹ́ kó jókòó. Á sẹ́ ẹ, torí oyin àti èèrà tó bá kú sínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, á dà á sínú agbada irin ńlá. Wákàtí 3 sí 5 ló ń gbà lórí iná igi. Lítà 7 sí 8 ló ń di kílò kan, nítorí náà ẹ ro owó igi ìdáná mọ́ ọn dáadáa, pàápàá nígbà òjò tí nira máa ń ṣàn. Tó bá ń hó tó fẹ́ bo ẹnu agbada, àgbọn rírin díẹ̀ tàbí òróró àgbọn bíi ṣíbí kan máa mú un wálẹ̀.

Ìparí rẹ̀ ni kò gba eré. Èhó náà á kéré, á nípọn, á máa bú pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀. Ìgbà yẹn ló ń ta síni lára. Ẹ dín iná kù, ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Tó bá tú ká, kò tíì jinná. Tó bá ṣù, tó sì le, ẹ gbé e sọ̀ kíá. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, láàárín 110 sí 120 lórí ìwọ̀n Celsius ló máa rí. Ẹ máa rò ó lọ láìdúró. Ó máa kọ́kọ́ dán, dídán náà á wá ṣá lójijì, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di iyanrìn. Nígbà náà ni ìyá máa ju orógùn sílẹ̀, á mú èèpo àgbọn líle tí wọ́n là sí méjì, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ máa họ ọ́, á máa tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó tó tutù. Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un gbẹ. Ìlànà ìjọba Indonesia ni pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Ọjọ́ tí nira bá kan díẹ̀, ìyá kì í bá a jà, inú òrùka oparun ló máa dà á sí kó dì ní odidi.

Ẹni tó ní ẹ fi ṣe oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Sucrose ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣúgà ni.

Ní tiyín, ẹ má tíì ra agbada ńlá. Ẹ bá adẹ́mu yín sọ̀rọ̀ pé kó ya igi méjì sọ́tọ̀, pẹ̀lú akèrègbè tuntun tí ẹmu kò wọ̀ rí, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó sì máa sọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ san án ju owó ẹmu lọ, torí ẹ ń gba ohun tó ń tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra ìwé pH, èyí tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó; nira tó dára máa ń wà láàárín 6 sí 7. Èyí tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 6 dáadáa, ẹ dá a padà fún un, kó tà á fún àwọn tó ń mu ún.