“Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná”: èsì fún ìyá kan ní Houston

Ìyá ọmọ, ẹ kú wàhálà o. Mo ka lẹ́tà yín tán, mo tún un kà. Ẹ ní ọmọkùnrin yín ti pé ọdún 7, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kíláàsì bá ti pariwo á fọwọ́ dí etí á máa ké, síkúùlù á sì pè yín pé kí ẹ wá mú un, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé tí ẹ ò tíì fojú kan oorun. Ẹ bẹ tíṣà títí pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ká ṣì máa wò ó ná, pé Yorùbá tí ẹ ń sọ sí i nílé ló ń dà á láàmú. Bàbá ọmọ ní òun ò ní jẹ́ kí òyìnbó sọ ọmọ òun di dìndìnrìn, ìyá ọkọ ní kí ẹ gbé e wá sílé káwọn mú un lọ sórí òkè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fẹnu bẹ tíṣà mọ́. Ẹ kọ ìméèlì sí pírínsípà àti ọ̀gá tó ń bójú tó special education, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ tó ní ìpèníjà, ní district yín, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn síkúùlù àdúgbò yín, kí déètì wà lórí ẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe full evaluation, àyẹ̀wò kíkún, fún ọmọ yín lábẹ́ IDEA, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà, kí ẹ wá to gbogbo ohun tí ẹ ti rí síbẹ̀, bó ṣe ń fọwọ́ dí etí, igbe, ọ̀rọ̀ tí kò jáde. Ní Texas, tí wọ́n bá ti gba irú ìwé yẹn, ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti dáhùn, yálà kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù tí ẹ máa sáìn, tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi ní ṣe é sílẹ̀. Tí ẹ bá sáìn, wọ́n ní ọjọ́ 45 láti parí ẹ̀. Ọjọ́ síkúùlù ni wọ́n ń kà o, Sátidé àti họ́lídè ò sí níbẹ̀.

Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi gba “ká ṣì máa wò ó” gbọ́ ní Texas? Láti 2004 ni àjọ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yẹn ti ń ṣọ́ àwọn district kí ọmọ tó wà ní special education má ju 8.5% gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ, àfi ìgbà tí ìwé ìròyìn Houston Chronicle tú àṣírí ẹ̀ ní 2016. Wọ́n fòfin dè é ní 2017, ìjọba àpapọ̀ náà sì sọ ní 2018 pé Texas rú òfin. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n fi “ẹ ní sùúrù” lé padà nílé nígbà yẹn.

Ti Yorùbá yẹn, ẹ máa bá ọmọ yín sọ ọ́ jàre. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí kò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èwo ló ń da èwo láàmú níbẹ̀? Òfin IDEA yẹn náà ní kí wọ́n fi èdè tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ òótọ́ nípa ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí wọ́n bá tún pè yín, ẹ wo ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ sáìn ní front desk, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí ẹ fi ń mú ọmọ lọ. Ẹ má kọ “ara ẹ̀ ò yá” síbẹ̀ o, kódà tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé síkúùlù ló pè yín, ẹ kọ aago, kí ẹ fi fóònù yà á. Ẹ máa nílò ẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ lẹ́tà pé ìwé yín ò tíì jáde. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ dákẹ́. Láti Tyler, ní Texas níbẹ̀, ni ẹjọ́ Plyler v. Doe ti wá, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì dá a ní 1982 pé síkúùlù ìjọba ò lè lé ọmọ torí ìwé.

Ẹ sọ fún bàbá ọmọ pé sísáìn fún àyẹ̀wò ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé ọmọ sí kíláàsì kankan, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan láìjẹ́ pé ẹ tún sáìn òmíràn. Màmá náà lè máa gbàdúrà lọ láti ibi tí wọ́n wà, àmín ni tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ wá sílé báyìí. A ní òfin tó ń dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà nílé náà, Buhari buwọ́ lu ọ̀kan ní 2019, ta ló máa bá yín fipá mú wọn tẹ̀ lé e?

Ẹ pe Partners Resource Network, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa la irú nǹkan yìí yé òbí ní Texas. Lẹ́yìn àyẹ̀wò wọ́n máa pè yín sí mítìǹ tí wọ́n ń pè ní ARD, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ máa rí gbà, èèyàn rẹpẹtẹ máa jókòó yí yín ká, wọ́n á ti bíírò sí iwájú yín. Tí ohun tí wọ́n kọ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ pé ẹ ò fara mọ́ ọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láyè láti lọ kí ẹ tún padà wá láàárín ọjọ́ síkúùlù 10. Ẹ gba àyè yẹn, kí ẹ mú bàbá ọmọ dání tí ẹ bá ń padà lọ.