Trawler tó ń sáré, tí píkọ́ọ̀pù lè fà láti Ìbàdàn lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ń wá trawler, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tó ní yàrá, tó ń sáré, tí píkọ́ọ̀pù yín á sì lè fà. Ẹ má ra èyí tí abẹ́ rẹ̀ rí roboto tó sì wúwo. Tí gígùn rẹ̀ lójú omi bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25, eré rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju nọ́ọ̀tì 6.7 lọ (bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan). Ẹ́ńjìnnì ńlá kò lè yanjú ìyẹn, epo ni yóò kàn máa mu. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ lápá ẹ̀yìn ni kí ẹ wá, irú R-25 tàbí R-27 tí ilé iṣẹ́ Ranger Tugs ń ṣe: fífẹ̀ wọn ò ju ẹsẹ̀ bàtà 8.5 lọ, wọ́n sì ṣeé fà.

Àmọ́ píkọ́ọ̀pù yín ló máa sọ èyí tí ẹ lè rà. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè fà ju kílò 3,500 lọ, ìyẹn náà tí tiréla (ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí a ń gbé ọkọ̀ ojú omi lé, tí píkọ́ọ̀pù ń fà) bá ní bíréèkì tirẹ̀. Ìwúwo tí olùtajà ń kọ kì í sábà ní epo nínú. Pẹtiróòlù lítà 400 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 300, omi mímu lítà 100 jẹ́ kílò 100, ẹ wá ro tiréla fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó bọ́ sí títì:

1. Ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tiréla àti ọkọ̀ orí rẹ̀ ni kó tẹ ìdí píkọ́ọ̀pù. Tó bá kéré, tiréla á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ sún ọkọ̀ ojú omi náà síwájú lórí tiréla.
2. Gírísì tuntun nínú béárìn, táyà sípíà kan.
3. Tí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù, àárín ẹsẹ̀ tiréla tí béárìn wà. Tó bá ṣì gbóná, ẹ dúró kó tutù kí ẹ tó ti tiréla sínú omi. Omi tútù á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, á fa omi wọlé, béárìn á sì dípẹtà.

Bó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ fẹ́ máa lọ, ẹ gbàyè ìgbọ́kọ̀sí létí omi, ẹ fi tiréla sílẹ̀.