Fétiche: ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an?

Fétiche lorúkọ tí àwọn Faransé fi ń pe ońdè, ojúbọ àti òrìṣà wa. Ẹni tó sọ lórí WhatsApp pé èdè Fọ̀n ni, pé Ouidah, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Benin, làwọn Faransé ti gbọ́ ọ, ó da ọ̀rọ̀ pọ̀. Vaudou, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Fọ̀n, ni wọ́n gbà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bèèrè bóyá fétiche náà la ń pè ní òrìṣà, ẹ fara balẹ̀ ná.

Látìnì ni ìdí rẹ̀: facticius, ohun àtọwọ́dá. Àwọn Potogí sọ ọ́ di feitiço, ìyẹn oògùn, èèdì; ibẹ̀ ni fétiche àwọn Faransé ti wá. Nílé tiwọn ni wọ́n ti ń lò ó fún àwọn olóògùn tiwọn, òfin wọn sì ti kà á léèwọ̀, kí ọkọ̀ wọn tó kan etíkun wa. Kò sí dúdú kankan ńbẹ̀! Hechizo, ìyẹn èèdì lẹ́nu àwọn ará Sípéènì, ìdí kan náà ni.

Èmi ò fi bò: ọ̀rọ̀ ọjà ni fétiche, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Oníṣòwò Potogí tó gúnlẹ̀ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, góòlù ló bá wá. Àwọn tó ń bá a dúnàá-dúrà a máa mulẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dalẹ̀. Ó pe ohun tí wọ́n fi mulẹ̀ ní feitiço. Ońdè ọrùn ọmọ, feitiço. Igi ojúbọ, feitiço. Òrìṣà fúnra rẹ̀, feitiço náà ni! Òun ni kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àwa la jẹ̀bi. Ìwé tí Willem Bosman, oníṣòwò ará Netherlands, tẹ̀ jáde ní 1704 ló tan irú ọ̀rọ̀ yìí ká Yúróòpù. Ní 1760, Charles de Brosses, Faransé tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, wá sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀sìn odindi. Karl Marx, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, lò ó fún ọjà; Sigmund Freud, oníṣègùn ọpọlọ, lò ó fún ìbálòpọ̀. Tiwọn ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Tiwa ló ń dùn mí. Ní Lómèé, olú-ìlú Togo, marché des fétiches, ìyẹn ọjà fétiche, lorúkọ ọjà tí wọ́n ti ń ta èlò oògùn. Ní Kétu ilẹ̀ Benin, ọmọ Nàgó, Yorùbá ibẹ̀, á fẹnu ara rẹ̀ pe babaláwo bàbá rẹ̀ ní féticheur, ìyẹn oní-fétiche. Ní Nàìjíríà, ìfúnpá lásán làwọn èèyàn rí, wọ́n ti ní “fetish” ni, fétiche yẹn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín ońdè àti ìfúnpá, wọ́n á máa wojú yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín nígbà tí wọ́n ṣì wà.